Ẹ Ka Eyín Kí Ẹ Tó Ka Owó: Ẹ̀kọ́ Lórí Yíyan Gíà Kẹ̀kẹ́ fún Ọ̀nà Olókè



Àwọn àgbà ní ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi. Ìgbín kò lágbára bí ọ̀bọ, kò ní ọwọ́, kò ní ẹsẹ̀, síbẹ̀ ó ń dé orí igi, nítorí pé ó mọ ìwọ̀n ìrìn tí agbára rẹ̀ ká. Ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún ìjíròrò ní ìpàdé yín lọ́tẹ̀ yìí dá lé orí ọ̀rọ̀ kan náà. Ó jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa kẹ̀kẹ́ ológeere, nípa òkè, àti nípa owó ẹgbẹ́.

OHUN TÍ Ó FA Ẹ̀KỌ́ YÌÍ

Kí ó tó di ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntirólù, iye tí ìjọba fi sí líta kan kò tó 200 náírà. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Láti ìgbà náà ni àwa tí a ń ṣe àbẹ̀wò ìwé ẹgbẹ́ ní agbègbè Òkè-Ògùn ti ń rí ohun kan tí a kò rí fún ìgbà pípẹ́ nínú ìwé ẹ̀yáwó: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ń yá owó láti fi ra kẹ̀kẹ́. Inú wa dùn sí i. Kẹ̀kẹ́ kì í mu epo, a kì í sì í fi owó ńlá tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti rí i pẹ̀lú pé owó lè bọ́ sínú omi nídìí kẹ̀kẹ́ tí kò bá ọ̀nà mu.

Ní ẹgbẹ́ kan ní ìhà Ṣakí, a bá ẹ̀yáwó kan tí ẹni tí ó yá a kò san nǹkan kan lórí rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ọkùnrin náà ń ra èlùbọ́ ní abúlé wá sí ọjà. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe oníjìbìtì. Ó ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń sáré ìje. Táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó fúyẹ́, ó wu ojú, ẹni tí ó tà á fún un sì sọ pé gíà méjìlá ni ó ní. Odò kékeré méjì ni ó wà láàrin abúlé tí ó ti ń ra ọjà àti ìlú, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni a sì fi ń gòkè jáde létí odò kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú ẹrù 30 kílò lẹ́yìn, kò lè wa kẹ̀kẹ́ náà gun ọ̀kankan nínú méjèèjì. Orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà ti ẹ̀yìn ilé, ó padà sórí ọ̀kadà, owó ọ̀kadà sì jẹ owó tí ó yẹ kí ó fi san gbèsè. Àwọn onídùúró rẹ̀ méjì, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá àgbàlagbà, kò lè fọwọ́ kan owó ìfipamọ́ tiwọn mọ́.

A ní kí ó gbé kẹ̀kẹ́ náà wá sí ibi ìpàdé. A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ka eyín irin rẹ̀, a sì rí ìdáhùn. Gíà méjìlá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú méjèèjìlá tí a ṣe fún òkè.

ÒKÈ DÀBÍ GBÈSÈ

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí gbogbo wa mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹnìkan bá jẹ ẹgbẹ́ ní 120,000 náírà, tí ó fẹ́ san án tán ní oṣù mẹ́fà, 20,000 náírà ni yóò máa san lóṣù, bí a bá yọ ti èlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ẹgbẹ́ bá fún un ní oṣù méjìlá, 10,000 náírà ni. Gbèsè kò dín kù. Ohun tí ó dín kù ni iye tí ń jáde lápò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òkè rí. Ara yín, kẹ̀kẹ́ yín àti ẹrù yín ni ẹ gbọ́dọ̀ gbé dé òkè, kò sì sí gíà kan tí ó lè dín ìwúwo wọn tàbí gíga òkè náà kù. Iṣẹ́ gíà ni láti pín ẹrù iṣẹ́ náà. Bí gíà bá tóbi, ẹsẹ̀ yóò yí pẹ́dà ní ìwọ̀nba, ṣùgbọ́n yíyí kọ̀ọ̀kan yóò wúwo. Bí gíà bá kéré, ẹsẹ̀ yóò yí pẹ́dà lọ́pọ̀ ìgbà, yíyí kọ̀ọ̀kan yóò sì fúyẹ́. Èlé tí a ń san lórí gíà kékeré ni àkókò: a ó pẹ́ díẹ̀ kí a tó dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pẹ́ díẹ̀ tí ó sì dé, ó sàn ju ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀ sídìí òkè lọ.

Nítorí náà, iye gíà kọ́ ni ó yẹ kí a bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń ta kẹ̀kẹ́. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè ni pé: èyí tí ó kéré jù nínú àwọn gíà rẹ̀, báwo ni ó ti kéré tó?

BÍ A ṢE Ń KA GÍÀ

Kò gba ìwé gíga. Ẹni tí ó lè ka ìwé ìfipamọ́ rẹ̀ lè ṣe é.

1. Ẹ wo irin eléyín tí ó wà níbi pẹ́dà. Ó lè jẹ́ ẹyọ kan, méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ ka eyín èyí tí ó kéré jù. Ẹ fi ẹfun sàmì sí eyín tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà kà á lẹ́ẹ̀mejì.

2. Ẹ wo àwọn irin eléyín tí ó wà láàrin táyà ẹ̀yìn. Ẹ ka eyín èyí tí ó tóbi jù. Ẹ kíyè sí i pé òdìkejì ni: níwájú, kékeré ni ó fúyẹ́ fún ẹsẹ̀, lẹ́yìn, ńlá ni ó fúyẹ́.

3. Ẹ fi ẹfun sàmì sí ara táyà ẹ̀yìn níbi tí ó ti kan ilẹ̀, kí ẹ sì sàmì sí ilẹ̀ náà. Ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwájú títí àmì ara táyà yóò fi kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fi téèpù wọn àlàfo náà. Táyà kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí ó jẹ́ íǹṣì 28 yóò fún yín ní nǹkan bí mítà 2.2. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ti kẹ̀kẹ́ ìje yóò fún yín ní nǹkan bí mítà 2.1. Táyà íǹṣì 26 tí ó sanra yóò fún yín ní nǹkan bí mítà 2.05.

4. Ẹ fi eyín ẹ̀yìn pín eyín iwájú, kí ẹ sì fi ìwọ̀n táyà sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tí ẹ ó rí ni iye mítà tí kẹ̀kẹ́ ń lọ bí ẹsẹ̀ bá yí pẹ́dà po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó máa pè é ní ìrìn-kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi kẹ̀kẹ́ àwọn baba wa ṣe àpẹẹrẹ, kẹ̀kẹ́ dúdú onírin wúwo tí kò ní ju gíà kan lọ. Bí ó bá ní eyín 46 níwájú àti 18 lẹ́yìn, 46 tí a fi 18 pín jẹ́ 2.56 ó dín díẹ̀. Bí a bá fi mítà 2.2 sọ ọ́ di púpọ̀, ìrìn-kan rẹ̀ jẹ́ mítà 5.62. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, èyí dára púpọ̀. Lórí òkè, ẹ ó rí ohun tí ó túmọ̀ sí.

BÍ A ṢE Ń WỌN ÒKÈ

Àwọn àpáta ńlá agbègbè wa, bí irú ti Adó-Àwáyé àti ti Ìgbẹ́tì, ọ̀nà kì í gun orí wọn. Ó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá ni. Ohun tí ń dá oníkẹ̀kẹ́ lágara ní Òkè-Ògùn ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kúkúrú tí ó ṣe kánkán: a sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì odò, a tún gòkè ní òdìkejì, pàápàá lójú ọ̀nà oko tí ó jẹ́ yangí, níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ ti ń yọ̀ lábẹ́ táyà.

Láti wọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ wá pákó tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 100 gẹ́lẹ́, kí ẹ sì yá irin olómi tí àwọn bíríkìlà fi ń mọ̀ bóyá ilé tẹ́jú. Ẹ fi pákó náà lélẹ̀ ní ìbú títẹ̀lé ọ̀nà, kí orí kan kọjú sí òkè, kí orí kejì kọjú sí ìsàlẹ̀. Ẹ gbé orí tí ó wà nísàlẹ̀ sókè títí irin olómi yóò fi sọ pé pákó tẹ́jú. Ẹ wọn àlàfo tí ó wà láàrin orí náà àti ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6, a jẹ́ pé òkè náà ń ga ní mítà 6 nínú mítà 100. Ibi tí ó le jù ni kí ẹ wọ̀n, nítorí ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ yóò ti dúró.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a da òkè àti gíà pọ̀. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, tí ó mọ́ lára láti máa wa kẹ̀kẹ́ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe asáré ìje, lè lo agbára tí ó tó wáàtì 150 fún ìṣẹ́jú mélòó kan láìdákú. Èyí jẹ́ agbára tí ó lè tan gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60 méjì àti àbọ̀. Ká ní ènìyàn náà jẹ́ 65 kílò, kẹ̀kẹ́ 15 kílò, ẹrù 30 kílò: gbogbo rẹ̀ jẹ́ 110 kílò. Lórí òkè 6 nínú 100 tí ó ní ọ̀dà, agbára yìí yóò gbé e lọ ní nǹkan bí mítà 120 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 7 ní wákàtí kan.

Ẹsẹ̀ ènìyàn fẹ́ràn láti yí pẹ́dà ní nǹkan bí 60 sí 80 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá lọ sísàlẹ̀ púpọ̀, tí kò tó 40, orúnkún ni yóò máa ru ẹ̀bi rẹ̀. Bí a bá fẹ́ yí i ní 60 ìgbà láti rin mítà 120, ìrìn-kan gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 2. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ baba wa tí ìrìn-kan rẹ̀ jẹ́ 5.62 yóò ní kí ẹsẹ̀ yí i ní 21 ìgbà péré, yíyí kọ̀ọ̀kan yóò sì dàbí kí ènìyàn máa ti 40 kílò láìsinmi. Bí ìrìn-kan bá jẹ́ mítà 2, ohun tí ẹsẹ̀ yóò máa tì kò ju nǹkan bí 14 kílò lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi ń sọ̀kalẹ̀ tì í. Kì í ṣe pé wọn kò lágbára.

Èyí ni ìrìn-kan tí ó yẹ kí gíà tí ó kéré jù ní, bí a bá fẹ́ yí pẹ́dà ní 60 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan:

Òkè 6 nínú 100, láìsí ẹrù: mítà 2.7
Òkè 6 nínú 100, pẹ̀lú ẹrù 30 kílò: mítà 2.0
Òkè 10 nínú 100, láìsí ẹrù: mítà 1.7
Òkè 10 nínú 100, pẹ̀lú ẹrù 30 kílò: mítà 1.3

Ìṣirò ọ̀nà ọ̀dà ni èyí. Lórí yangí, ẹ dín in kù sí i. Ẹ tún wo èyí tí ó gbẹ̀yìn: pẹ̀lú mítà 1.3, kẹ̀kẹ́ kò ní sáré ju ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Níbẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ tì í. Kò sí ohun tí a ń fi owó ẹgbẹ́ wá níbẹ̀.

ÀWỌN KẸ̀KẸ́ TÍ Ó WÀ LỌ́JÀ

Ẹ jẹ́ kí a wo irú àwọn tí ẹ lè bá pàdé níbi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀, àti ìrìn-kan gíà tí ó kéré jù lára wọn. Iye eyín àkọ́kọ́ jẹ́ ti iwájú, ìkejì jẹ́ ti ẹ̀yìn.

Kẹ̀kẹ́ dúdú onígíà kan, 46 sí 18: mítà 5.62
Kẹ̀kẹ́ ìje àtijọ́, 42 sí 21: mítà 4.20
Kẹ̀kẹ́ ìje, 39 sí 25: mítà 3.28
Kẹ̀kẹ́ ìje àtijọ́ tí a yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, 42 sí 28: mítà 3.15
Kẹ̀kẹ́ ìje onírin kékeré níwájú, 34 sí 28: mítà 2.55
Kẹ̀kẹ́ ìje onírin mẹ́ta níwájú, 30 sí 27: mítà 2.33
Kẹ̀kẹ́ ìje tuntun, 34 sí 34: mítà 2.10
Kẹ̀kẹ́ onítáyà sísanra, 28 sí 28: mítà 2.05
Kẹ̀kẹ́ onítáyà sísanra, 24 sí 28: mítà 1.76

Ẹ rí i pé méjì nínú àwọn kẹ̀kẹ́ onítáyà sísanra lè ní gíà 21 lára, kí ọ̀kan sì fúyẹ́ lórí òkè ju èkejì lọ. Iye gíà kò sọ ọ́. Eyín ni ó sọ ọ́. Ẹ rí i pẹ̀lú pé kẹ̀kẹ́ ìje fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá òkè. Olùkọ́ tí ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lójú ọ̀nà ọ̀dà pẹ̀lú àpò ìwé nìkan lè fi èyí tí ó ní eyín 34 níwájú àti 28 lẹ́yìn gun òkè 6 nínú 100 wọ́ọ́rọ́wọ́. Alájàpá èlùbọ́ tí ń gba ọ̀nà yangí kò gbọdọ̀ ra irú rẹ̀.

Ọkùnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣàájú, 42 sí 21 ni kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mítà 4.20 ni ó ní. Mítà 2 ni òkè rẹ̀ ń bèèrè. Ó ra ohun tí ó ju ìlọ́po méjì ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè san lọ.

ÀTÚNṢE FÚN KẸ̀KẸ́ TÍ A TI RÀ

Ẹni tí ó ti ra èyí tí kò bá ọ̀nà mu kò gbọdọ̀ rò pé ó ti parí. Ó ṣeé ṣe láti pààrọ̀ irin ẹ̀yìn sí èyí tí ó ní eyín púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní nǹkan mẹ́rin kí ẹ tó sanwó:

Èkíní, ṣé apá gíà ẹ̀yìn, ìyẹn èyí tí ń ti ṣéènì láti irin kan sí èkejì, yóò lè dé orí irin ńlá tuntun náà? Apá kúkúrú ti kẹ̀kẹ́ ìje ní ìwọ̀n tí kò lè kọjá.

Èkejì, ṣé ṣéènì gùn tó? Irin ńlá ń fẹ́ ṣéènì gígùn. Bí ó bá kúrú, ó lè fa apá gíà já.

Ẹ̀kẹta, ṣé ṣéènì àtijọ́ ti jẹ? Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n: láti àárín ìṣó kan, ẹ ka àlàfo 24. Bí ó bá pé íǹṣì 12 gẹ́lẹ́, ó ṣì dára. Bí ó bá ti lé ní íǹṣì 12 pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́jọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí ṣéènì tí ó ti fà yóò máa fò lórí irin tuntun.

Ẹ̀kẹrin, bí ó bá jẹ́ irin iwájú ni ẹ fẹ́ dín kù, ṣé bóòtù rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀? Kẹ̀kẹ́ ìje tí ó ní 53 àti 39 níwájú kì í sábà gba irin tí eyín rẹ̀ kéré ju 38 lọ, nítorí bí àwọn bóòtù rẹ̀ ti jìnnà síra.

Fún kẹ̀kẹ́ dúdú onígíà kan, pípààrọ̀ irin ẹ̀yìn láti 18 sí 22 yóò sọ ìrìn-kan rẹ̀ di mítà 4.60. Kò sọ ọ́ di kẹ̀kẹ́ òkè, ṣùgbọ́n ó dín ìnira kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún, ẹni tí ó wà á yóò sì rọra lọ díẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé a kì í pààrọ̀ gíà láàrin òkè nígbà tí ẹsẹ̀ ń ti pẹ́dà tagbára-tagbára. Kí ẹ tó dé ẹsẹ̀ òkè ni kí ẹ ti wọ gíà kékeré. Ní àkókò ọ̀yẹ́, tí eruku pọ̀, ẹ máa nu ṣéènì, kí ẹ sì fi epo díẹ̀ pa á. Eruku tí ó bá pò mọ́ epo ń jẹ eyín irin bí ayùn. Ẹ má sì gbàgbé bíréèkì, nítorí ẹni tí ó bá gòkè yóò sọ̀kalẹ̀.

KÒ SÍ ÌTÌJÚ NÍNÚ GÍÀ KÉKERÉ

Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń fi gíà kékeré ṣe yẹ̀yẹ́ pé ti arúgbó ni. Ìròyìn yìí ti pẹ́ láyé. Ìdíje kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ń pè ní Tour de France bẹ̀rẹ̀ ní 1903. Henri Desgrange tí ó dá a sílẹ̀ kò fẹ́ kí àwọn asáré ìje lo ẹ̀rọ tí ń pààrọ̀ gíà, ó gbà pé ó sọ akọni di ọ̀lẹ. Bí wọ́n bá dé ẹsẹ̀ òkè, wọn a sọ̀kalẹ̀, wọn a yọ táyà ẹ̀yìn, wọn a yí i padà kí irin tí ó wà ní òdìkejì lè bọ́ sábẹ́ ṣéènì, kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú. Ìgbà tí ó di 1937 ni wọ́n tó gba ẹ̀rọ gíà láàyè.

Ní gbogbo àkókò yẹn, ọkùnrin kan ń bẹ ní ìlú Saint-Étienne ní ilẹ̀ Faransé, Paul de Vivie ni orúkọ rẹ̀, Vélocio ni ó fi ń kọ̀wé. Oníṣòwò sílíìkì ni tẹ́lẹ̀, ẹbí sányán tí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn mọ̀. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún gun òkè pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ onígíà púpọ̀, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀ pé gíà kékeré ni ọgbọ́n. Ó kú ní 1930, ọdún méje kí wọ́n tó gbà fún un.

Lónìí, àwọn tí ó lágbára jù láyé ti yí padà. Ní nǹkan bí 1980, ọ̀pọ̀ wọn kì í ní irin iwájú tí ó kéré ju eyín 42 lọ, àní lórí òkè Alpe d'Huez tí ó gùn ní kìlómítà 13.8, tí ó sì ń ga ní nǹkan bí 8 nínú 100. Nísinsìnyí, eyín ẹ̀yìn tí ó tó 34 kì í ṣe ohun àjèjì lára kẹ̀kẹ́ wọn. Bí asáré ìje tí kò gbé ju ìgò omi lọ kò bá tijú gíà kékeré, kí ni ó yẹ kí ẹni tí ó gbé èlùbọ́ máa tijú rẹ̀ sí?

Ẹ̀rí tí ó sún mọ́ wa jù wà ní Rwanda, orílẹ̀-èdè àwọn òkè. Ní ìparí 2005, Tom Ritchey, ará Amẹ́ríkà kan tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ń ṣe kẹ̀kẹ́ orí òkè, ṣàbẹ̀wò sí ibẹ̀. Ó rí àwọn àgbẹ̀ kọfí tí wọ́n ní láti gbé èso tútù gba orí òkè dé ibi tí a ti ń fọ̀ ọ́, kíá, kí ó má baà bàjẹ́, nítorí kọfí tí ó bá pẹ́ lẹ́yìn kíká kì í mú owó gidi wá. Ó ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù kan fún wọn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn láti gba àpò kọfí, tí ó sì ní gíà fún òkè. Àwọn àgbẹ̀ náà gbà á lórí ẹ̀yáwó, wọ́n sì ń san án díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó mú kí ètò náà bọ́gbọ́n mu ni pé wọ́n kọ́kọ́ wo òkè àti ẹrù, kí wọ́n tó ṣe kẹ̀kẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Kigali tí í ṣe olú-ìlú Rwanda gba ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé lálejò, ìgbà àkọ́kọ́ tí ó máa wáyé ní ilẹ̀ Áfíríkà. Orí àwọn òkè ìlú náà ni wọ́n ti dù ú.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ÌGBÌMỌ̀ Ẹ̀YÁWÓ

Ẹ̀yáwó kẹ̀kẹ́ kì í tóbi, nítorí náà ni ìgbìmọ̀ kì í fi í bèèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó kékeré mẹ́wàá tí kò padà, ẹ̀yáwó ńlá kan ni. A gba yín ní ìmọ̀ràn pé kí akọ̀wé máa kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sí ẹ̀yìn ìwé ìbéèrè ẹ̀yáwó kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i:

1. Ọ̀nà tí ọmọ ẹgbẹ́ náà ń gbà, àti bí ibi tí ó le jù níbẹ̀ ti ga tó nínú 100.
2. Ẹrù tí ó ń gbé, ní kílò.
3. Eyín irin tí ó kéré jù níwájú, eyín irin tí ó tóbi jù lẹ́yìn, àti ìwọ̀n táyà.
4. Ìrìn-kan tí kẹ̀kẹ́ ní, àti ìrìn-kan tí ọ̀nà ń bèèrè.
5. Bóyá a lè rí ṣéènì àti irin ẹ̀yìn irú rẹ̀ rà nítòsí bí ó bá bàjẹ́.

Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ọmọ ẹgbẹ́ náà gun òkè kan pẹ̀lú ẹrù kí owó tó kúrò lọ́wọ́ akápò. Òǹtajà tí ó bá kọ̀ kí a dán ọjà rẹ̀ wò ti fún wa ní ìdáhùn.

Ní ti ọkùnrin ẹlẹ́lùbọ́ wa, ẹgbẹ́ kò ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Wọ́n bá a wá irin ẹ̀yìn eléyín 28 tí apá gíà rẹ̀ lè dé, pẹ̀lú ṣéènì tuntun. Ìrìn-kan rẹ̀ di 3.15. Ìgbìmọ̀ sì tún ìwé ẹ̀yáwó rẹ̀ ṣe, wọ́n fa àkókò rẹ̀ gùn, kí iye tí yóò máa san lóṣù lè kéré. A lè sọ pé wọ́n pààrọ̀ gíà gbèsè náà fún un. A kò ní purọ́ fún yín pé ó ń gun gbogbo òkè báyìí. Pẹ̀lú 20 kílò, ó ń gun méjèèjì, bí ó tilẹ̀ wúwo díẹ̀. Pẹ̀lú 30 kílò, ó ń sọ̀kalẹ̀ ní ìparí èkejì, ó sì ń tì í. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti sinmi, ó san gbèsè rẹ̀ tán, ìyá àgbàlagbà tí ó ṣe onídùúró rẹ̀ sì ti gba owó ìfipamọ́ rẹ̀ fún ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé a ka eyín náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, oṣù mẹ́ta yẹn kì bá tí ṣòfò.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ ka eyín kí ẹ tó ka owó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kẹ̀kẹ́ kan ní eyín 38 níwájú àti 24 lẹ́yìn. Táyà rẹ̀ jẹ́ mítà 2.05. Kí ni ìrìn-kan rẹ̀? Ṣé ó tó fún òkè 6 nínú 100 láìsí ẹrù?
2. Òkè wo ni ó le jù lójú ọ̀nà láti abúlé yín sí ọjà? Ta ni yóò wọ̀n ọ́n kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé?
3. Nínú àwọn ẹ̀yáwó tí ẹgbẹ́ yín ń retí, èwo ni ó pẹ́ nítorí àìsí owó, èwo sì ni ó pẹ́ nítorí pé ohun tí a fi owó náà rà kò bá iṣẹ́ mu?
4. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ti ra kẹ̀kẹ́ tí kò lè gun òkè, èwo ni ó sàn fún ẹgbẹ́ àti fún àwọn onídùúró rẹ̀: kí a gba kẹ̀kẹ́ náà, tàbí kí a ràn án lọ́wọ́ láti tún un ṣe? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.